"Ó Ń Mí" Tí Mo Sọ, Kì Í Ṣe Mímí: Ohun Tí Ọwọ́ Méjì Lè Ṣe Nígbà Tí Ọkàn Bá Dákẹ́

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nípa bí ògì ṣe ń kan ni mo ṣèlérí fún yín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń bọ̀. Èyí ló kọ́kọ́ ń jẹ mí lọ́kàn.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, a ń gbá bọ́ọ̀lù "monkey post" lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwa márùn-ún márùn-ún, òkúta méjì méjì ni góòlù. Ọmọkùnrin kan tí a jọ máa ń gbá a ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni ò gbá a lẹ́sẹ̀. Ó kàn ṣubú lójijì. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, a rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí a yí i padà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Ẹnì kan pariwo pé, "Wárápá ni! Ẹ wá ṣíbí!" Ẹlòmíràn já pure water, ó dà á sí i lórí. Ẹnì kan ń gbá a létí, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, àwọn kan ń pe Ọlọ́hun.

Èmi ńkọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ yà, tí ó fa afẹ́fẹ́ sínú pẹ̀lú ariwo bí ẹni tó ń hanrun, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bá dìde, mo ní, "Ó ń mí! Ó ń mí! Ẹ sún sẹ́yìn kí ó rí atẹ́gùn gbà." Wọ́n gbọ́ tèmi, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo ń ka fún mástà mi. A yí i ká, a ń fi jẹ́sì fẹ́ ẹ títí ọkọ̀ fi dé. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ní ilé-ìwòsàn, dókítà tó gbà á lọ́wọ́ wa bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta ló tẹ àyà rẹ̀?" A wo ojú ara wa. Kò bú wa. Kò sì bèèrè mọ́.

Mo lè ya àwòrán ọkàn fún yín láìwo ìwé. Mo mọ orúkọ gbogbo ilẹ̀kùn inú rẹ̀ àti ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò mọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti lọ kọ́ ọ, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kí ni mo rí lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà?

Ọkàn èèyàn tóbi tó ìkúùkù rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Kò sí ẹni tó ń rán an níṣẹ́ láti òde. Láti ibì kan lókè rẹ̀ lápá ọ̀tún ni iná kékeré kan ti ń tàn lọ sí gbogbo ẹran ara rẹ̀, bí iná yìí bá ti kọjá, ẹran ọkàn á sún kì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Nígbà míì, iná yìí á dàrú. Dípò kí gbogbo ẹran ọkàn sún kì pọ̀, kálukú á máa gbọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fa okùn, tí kálukú wọn ń fà á nígbà tó wù ú. Òógùn á bò wọ́n, okùn ò ní kúrò níbi tó wà. Ọkàn ń gbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò lọ síbì kan.

Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹni náà á ti dákú. Ó lè gbọ̀n díẹ̀ bí ẹni tí gírì mú, nítorí ọpọlọ ṣàdédé rí i pé oúnjẹ òun dáwọ́ dúró. Ohun tí ẹnì kan rí lọ́jọ́ náà tó fi ń bèèrè ṣíbí nìyẹn. Àmọ́ apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ, èyí tó ń darí mímí, máa ń le ju apá òkè lọ. Ó lè máa jà fún ìṣẹ́jú mélòó kan sí i, á máa já afẹ́fẹ́ gbà ní àjápá, pẹ̀lú ariwo, bí ẹja tí wọ́n fà sórí ilẹ̀. Ẹja yẹn ò mí. Ẹni tí mo rí náà ò mí. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí ọkàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé èyí: ẹni tó dákú, tí a pè tí kò jẹ́, tí kò sì mí geere bí ẹni tó sùn, ká ka ọkàn rẹ̀ sí èyí tó ti dákẹ́.

Kí n tún ya ohun kan sọ́tọ̀, torí mo rí i pé àwọn ènìyàn máa ń pò ó pọ̀. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ "heart attack", ọ̀ràn páìpù nìyẹn. Ojú iṣan kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn fúnra rẹ̀ ló dí. Ẹni náà sábà máa ń wà lójú rẹ̀: àyà á máa dùn ún bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé, òógùn tútù á máa bọ̀, ó lè máa bì. Ilé-ìwòsàn ló kàn kíákíá. Ọkàn tó dákẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn iná. Páìpù tó dí lè fa kí iná lọ, ṣùgbọ́n iná lè lọ láìjẹ́ pé páìpù kan dí, pàápàá lára ọ̀dọ́ tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù nínú ọkàn tí kò sì mọ̀.

Ìdí tí a kò fi lè dúró de ọkọ̀

Ọpọlọ ò ju ìdá 2 nínú ìdá 100 ìwọ̀n ara wa lọ, àmọ́ bí ìdá 20 nínú ìdá 100 ọ́síjìn tí a ń lò, òun ló ń jẹ ẹ́. Kò sì ní àká tó ń kó o pamọ́ sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dúró, láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 sí 6 ni àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á ti máa bàjẹ́ ní ọ̀nà tí kò ní àtúnṣe. Ní ìlú wo nínú àwọn ìlú wa ni ọkọ̀ pàjáwìrì ti ń dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tó wà nítòsí nìkan ló lè bá àkókò yẹn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí ọkàn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù bá dákẹ́, ọ́síjìn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti ń mí títí di ìṣẹ́jú àáyá tó ṣáájú. Ohun tó ṣófo ni agbára tó ń tì í lọ. Ibẹ̀ ni ọwọ́ wa ti wúlò.

Bí ẹ bá tẹ àárín àyà wálẹ̀, ẹ ń fún ọkàn mọ́ àárín egungun àyà àti egungun ẹ̀yìn, ẹ sì ń fún gbogbo inú àyà pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á jáde lọ sókè sí ọpọlọ. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, àyà á fẹ̀ padà, á fa ẹ̀jẹ̀ tuntun wọlé, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọkàn fúnra rẹ̀ máa ń rí ẹ̀jẹ̀ mu. Ìdí nìyí tí jíjọ̀wọ́ fi ṣe pàtàkì bíi títẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ tó fi gbogbo ara lé àyà onítọ̀hún láìjẹ́ kó dìde padà, ó kàn ń rẹ ara rẹ̀ lásán ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pọn omi lẹ́nu bọ́hòlù tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sí omi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí. Ó di bí ìgbà mélòó kan kí omi tó gun òkè wá, bí ẹ bá sì dáwọ́ dúró láti kí ẹni tó ń kọjá, omi á padà sísàlẹ̀, ẹ̀yin náà á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni agbára ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń tẹ àyà, tó sì ń já wálẹ̀ bí a bá dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ẹ má dúró láti wò bóyá ojú rẹ̀ ti là. Bó bá jí, á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì nígbà tí ara yá ni ọwọ́ wa lè tì. Ó kéré. Ṣùgbọ́n òun ló ń ra àkókò fún ọpọlọ.

Ọdún 1960 ni àwọn mẹ́ta kan ní Johns Hopkins, ní Baltimore lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà yìí jáde: Kouwenhoven, Jude àti Knickerbocker. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí pé ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni Kouwenhoven kọ́, kì í ṣe ìṣègùn. Ẹ̀rọ tó ń fi iná tún ọkàn ṣe ni wọ́n ń dán wò lára ajá, Knickerbocker sì ṣàkíyèsí pé nígbà tí wọ́n bá fi irin ẹ̀rọ náà tẹ àyà ajá mọ́lẹ̀, kí iná tó wọlé rárá, agbára ẹ̀jẹ̀ ajá náà ń gòkè. Títẹ̀ lásán! Ṣáájú ìgbà yẹn, àyà ni àwọn dókítà máa ń là láti fi ọwọ́ mú ọkàn fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é

Kọ́kọ́ wo àyíká. Bó bá jẹ́ wáyà iná ló gbé e, má fọwọ́ kàn án kí o tó pa iná. Lẹ́yìn náà, gbá a léjìká, pè é sókè. Bí kò bá dáhùn, wo àyà rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí kò bá mí, tàbí tó ń ṣe bí ẹja yẹn, bẹ̀rẹ̀.

Má kàn pariwo pé "Ẹ pe ọkọ̀ o!" Ẹni tí gbogbo èèyàn bá rán níṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa lọ. Na ìka sí ẹnì kan: "Ìwọ tó wọ aṣọ pupa, pe 112." Nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà nìyẹn. Ní Èkó, 767 náà wà. Kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀.

Tẹ́ ẹni náà sí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó le. Kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, torí fóòmù ló máa jẹ gbogbo agbára rẹ. Kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà rẹ̀. Fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan, níbi tó ti pàdé ọrùn-ọwọ́, sí àárín àyà, ní ìdajì ìsàlẹ̀ egungun àyà. Gbé ọwọ́ kejì lé e. Na apá méjèèjì gbọọrọ, má tẹ ìgúnpá, kí èjìká rẹ wà lókè ọwọ́ rẹ gan-an, kí o wá fi ìwúwo ara rẹ tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó má ju 6 lọ. Èyí jìn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Tẹ̀, jọ̀wọ́, tẹ̀, jọ̀wọ́, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan.

Báwo lo ṣe máa mọ ìyára yẹn láìní aago? Àwọn òyìnbó máa ń kọ orin Stayin' Alive ti àwọn Bee Gees sínú. Èmi ka Yorùbá. Mo fi fóònù wọn ara mi wò, mo sì rí i pé bí mo bá ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta títí dé ẹẹ́wàá láìfà á, ó bọ́ sáàárín. Ṣùgbọ́n má kọjá ẹẹ́wàá! Mo gbìyànjú "mọ́kàndínlógún", ẹnu mi fà, ọwọ́ mi náà fà. Ka mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọgbọ̀n nìyẹn. Bí ìyára rẹ bá dára, ọgbọ̀n náà á parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 18.

Bí o bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí sí ẹni lẹ́nu, lẹ́yìn ọgbọ̀n, ti orí rẹ̀ sẹ́yìn, gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, di imú rẹ̀, mí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kí àyà rẹ̀ sì gbéra díẹ̀. Àwọn kan á ní, "Ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí mo ti lò ni?" Òun ni. Afẹ́fẹ́ ìta ní ọ́síjìn ìdá 21 nínú 100, èyí tí a mí síta ṣì ní bí ìdá 16 tàbí 17. Ó tó. Bí o kò bá kọ́ ọ, tàbí tí o kò fẹ́ gbẹ́nu lé ẹnu àjèjì, ọwọ́ nìkan tó fún àgbàlagbà tó ṣàdédé ṣubú. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Bí ẹ bá pọ̀, ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Mo gbà mí gbọ́ pé mo lágbára, àmọ́ nígbà tí ìṣẹ́jú kejì pé, òógùn mi ti ń kán sára ọmọláńgidi tí wọ́n fi kọ́ wa. Ẹ má dáwọ́ dúró àyàfi bó bá ń mí, bí òṣìṣẹ́ ìlera bá gbà á, tàbí bí agbára yín bá tán pátápátá. Bí ẹ bá wà níbi tí ẹ̀rọ AED wà, èyí tó ń fi iná tún ìlù ọkàn tò, ẹ tàn án, ó máa ń fi ẹnu sọ ohun tó kàn. Kò pọ̀ ládùúgbò wa.

Àwọn ẹ̀rù kan wà tó yẹ ká sọ síta. Egungun ìhà lè kán. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń kán nígbà míì, pàápàá lára àgbàlagbà, egungun tó kán sì ń jò padà. Bó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ò tíì dákẹ́ ńkọ́? Ìpalára tí títẹ̀ lè ṣe fún un kéré púpọ̀ sí ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dákẹ́ tí a kò tẹ̀. Obìnrin ńkọ́? Ìwádìí láti òkè òkun fi hàn pé àwọn èèyàn kì í sábà tẹ àyà obìnrin tó bá ṣubú ní gbangba bí wọ́n ṣe ń tẹ ti ọkùnrin, torí ojú ń tì wọ́n. Mo lè fojú inú wo bó ṣe máa rí lọ́dọ̀ wa. Ibì kan náà ni ọwọ́ ń lọ, àárín àyà, lórí egungun. Kí obìnrin mìíràn fi ìró bò ó bó bá wù wọ́n, àmọ́ kí ọwọ́ má dúró. Ẹ̀rù ọlọ́pàá náà wà, mo mọ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 sọ pé ilé-ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì, òfin ti ọdún 2017 sì ní kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, bí ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ lè sọ ọ́ lẹ́nu géètì.

Òótọ́ tó korò

Ẹ ò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi. CPR kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, nínú ẹni mẹ́wàá tí ọkàn wọn dákẹ́ níta ilé-ìwòsàn, bí ẹnì kan ló ń padà sílé láàyè. Ọwọ́ nìkan kì í sábà tún iná ọkàn tò, ó ń gbé ẹni náà dúró de ẹ̀rọ ni. Mi ò lè sọ pé ọ̀rẹ́ wa ì bá yè. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a fi jẹ́sì fẹ́ ẹ kò fún un ní nǹkan kan.

Àwọn àgbà á rántí Samuel Okwaraji, tó ṣubú ní pápá ìṣeré Súrùlérè ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá. Ẹni ọdún 25 ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2021, Christian Eriksen ti Denmark ṣubú bákan náà ní Copenhagen, ojú gbogbo ayé ló ṣe. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ lórí pápá, wọ́n fi ẹ̀rọ tún ọkàn rẹ̀ tò níbẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2022, ó ti padà sórí pápá fún Brentford. Mi ò ní fi ọkàn ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn, àìsàn wọn lè yàtọ̀. Ẹ kàn wo bí àkókò ṣe kéré tó láàárín ìgbà tó ṣubú àti ìgbà tí ọwọ́ dé àyà rẹ̀.

Ti ọmọdé yàtọ̀

Ọkàn ọmọdé kì í sábà kọ́kọ́ dákẹ́. Mímí ló máa ń kọ́kọ́ dúró, bóyá omi ló gbé e tàbí nǹkan há a lọ́fun. Ọ́síjìn ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí náà títẹ̀ nìkan ò tó: ẹ kọ́kọ́ mí sí i lẹ́nu ní ìgbà márùn-ún, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Bákan náà ni fún àgbàlagbà tí omi gbé. Ẹ má gbé ẹni tí omi gbé dorí kodò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn kí omi lè jáde, èébì ló máa wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Fún ọmọdé, ọwọ́ kan lè tó láti tẹ̀ ẹ́. Fún ìkókó, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà rẹ̀ mú, kí ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta jíjìn àyà rẹ̀.

Bí nǹkan bá há a lọ́fun, ẹran fún àgbà, ẹ̀pà tàbí kóró àgbálùmọ̀ fún ọmọdé, ẹ wò ó bóyá ó ń wúkọ́. Bó bá ń wúkọ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa wú u, kò sóhun tí ẹ lè ṣe tó lágbára tó ìyẹn. Bí kò bá lè wúkọ́, tí ohùn ò jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn nígbà márùn-ún, gbígbá gidi. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù sókè ìdodo rẹ̀, kí ẹ fà á sínú àti sókè nígbà márùn-ún, kí ẹ tún padà sí ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ ń fi ta nǹkan náà jáde, bí ìdérí ìgò. Ìkókó ò gbọ́dọ̀ gba ti ikùn: ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá yín, ẹ gbá a lẹ́yìn márùn-ún, ẹ yí i padà, ẹ tẹ àyà rẹ̀ márùn-ún. Ẹ má ki ìka bọ ọ̀fun tí ẹ kò rí inú rẹ̀. Bó bá dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, CPR ló kàn.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ dárí jì mí, rírọ ọmọ lógì náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó ń sunkún ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà sì ṣí sílẹ̀ nígbà náà. Bí ẹ bá da ògì sí i lẹ́nu tí ẹ tún di imú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń mu ún.

Gírì ni èyí tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí. Ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún tí ibà mú lè gan lójijì, kí ojú rẹ̀ yí sókè. Ó bani lẹ́rù gidi. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú irú gírì yìí ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ẹ ronú sí i: bí ẹnì kan bá ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná, gírì á dúró. Bí ẹlòmíràn bá fi àlùbọ́sà ra á, á dúró. Bí ẹnì kẹta bá fún un ní àgbo ìtọ̀ màálù, á dúró. Kálukú á sì búra pé tòun ló ṣiṣẹ́. Bí oògùn tí kò ṣe nǹkan kan ṣe ń gba oyè nìyẹn. Àgbo yẹn tún burú lọ́tọ̀, torí ewé tábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ọpọlọ tí kò ní ṣúgà yóò tún gbọ̀n sí i. Ohun tó yẹ kò gba agbára: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ọmọ náà, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò, ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀. Èèyàn kì í gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì, ó so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu. Bó bá ti dúró, ilé-ìwòsàn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí ibà tó ń gbé gírì wá lè jẹ́ malaria tàbí ohun tó le jù ú lọ. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa gbé e lọ bó ṣe ń ṣe é.

Méjì tó kù, kíákíá. Ọmọ tó mu kẹrosíìnì: ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì. Kẹrosíìnì fúyẹ́, ó tètè ń ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti ń pa ọmọ ju inú ikùn lọ. Èébì ló ń fún un ní àǹfààní kejì. Iná tàbí omi gbígbóná jó ẹni: omi tútù tó ń ṣàn, ogún ìṣẹ́jú gbáko, torí ooru ṣì ń jó ẹran inú lẹ́yìn tí iná ti kúrò. Ọṣẹ ìfọyín, ẹyin, ògì, kò sí èyí tó ń mú ooru kúrò nínú wọn, dọ́kítà ló sì máa tún fọ̀ wọ́n kúrò pẹ̀lú ìrora. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ fi nylon mímọ́ bò ó.

Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Nàìjíríà, ìyẹn Red Cross, máa ń kọ́ni ní nǹkan wọ̀nyí, ó sì sàn kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wo ọwọ́ yín ju kí ẹ kà á níbí lọ. Títí dìgbà náà, ẹ ká fóòmù líle kan, ẹ gbé e sórí ilẹ̀, ẹ fi kọ́ ọwọ́.

Bí mo ṣe ṣe nílé wa nìyẹn. Màmá mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sún. Ó kúnlẹ̀, ó na apá rẹ̀, ó fi èjìká tẹ̀ ẹ́ dípò ọwọ́, kò sì rẹ̀ ẹ́ títí ìṣẹ́jú méjì fi pé. Mo ní, "Màmi, ta ló kọ́ yín?" Ó ní, "Ṣé iyán tí mo ń gún fún yín láti ọjọ́ yìí, ọwọ́ nìkan lẹ rò pé mo fi ń gún un?" Ó bèèrè bóyá ti ìyá ọlọ́jà tó sanra náà gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ti gbogbo àgbàlagbà ni. Ó ní kí n gbé fóòmù náà wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wọn lọ́jà ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí n sì wá èyí tó le jù ú lọ, torí èyí ti bẹ́.